Ọjọ́ Méje Òróró, Ọjọ́ Méje Ìjókòó

Kí ni mo fẹ́ wí fún Kuttappan tí mo ń bá kẹ́rù báyìí? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pè láàárọ̀ yìí. Ọ̀pẹ̀yìnbó ti kún inú tírélà ní Vazhakulam, ó ń lọ láti Kerala níbí títí dé ìlú Pune, èmi ni mo sì fẹnu ara mi sọ pé tó bá di ọjọ́ kẹjọ, èmi ni n ó wà á. Òní lọjọ́ kẹjọ. Èmi rèé lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò ń rọ̀, wọ́n faṣọ wé mi lórí bí abiyamọ tuntun…

Ta ló sọ fún mi pé ọjọ́ méje òróró á tún bí ọjọ́ méje ìjókòó? Kò sẹ́ni tó sọ. Àfìgbà tí Ìyá Madhavi oníṣègùn nu ọwọ́ rẹ̀ lánàá, tó ní, "Velayudhan, ti òróró parí. Ó ku ìjókòó. Iye ọjọ́ tá a fi wọ́ ẹ lára, iye ẹ̀ lo máa fi jókòó. O ò gbọdọ̀ gun ohunkóhun tó ń mì." Mo ní, Ìyá, mo ti ṣèlérí. "Ta lo ṣèlérí fún, orúnkún ẹ àbí ọ̀pẹ̀yìnbó?"

Orúnkún… Ká sòótọ́, orúnkún ń han bí ilẹ̀kùn nígbà tí mo délé. Ọdún méjìlélógún lójú títì. Inú mi le koko, awọ ẹsẹ̀ mi ń bó, oorun sá. Ìyá Madhavi ní atẹ́gùn ara ló pọ̀ jù: ó gbẹ, ó tutù, kì í dúró sójú kan. Ìrìn àjò náà gbẹ, ó tutù, kì í dúró. "Atẹ́gùn lo fi ń bọ́ atẹ́gùn. Báwo ni ò ṣe ní sanra?" Ohun tó lè borí ẹ̀, ó ní, ni ooru, ọ̀rá, kéèyàn fìdí mọ́lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín lórí òkè tá a ń gùn wọ Pune o, lóṣù tó kọjá, nígbà tí ọwọ́ òsì mi dédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí sítíárìn… Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnì kan. Mo kàn wọlé, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, ẹ bá mi pe oníṣègùn.

Mo na ọwọ́ náà. Kò gbọ̀n. Ó ń dán, ó ń rùn yànmọtí. Inú mi dùn sí i, n ò parọ́. Tí mo bá wakọ̀ lónìí, kí títì máa gbo oríkèé tí òróró ṣẹ̀ṣẹ̀ tú… Ìyá Madhavi ní á burú ju ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ Kuttappan ńkọ́? "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má já mi kulẹ̀ o. Ọ̀pẹ̀yìnbó ò mọ̀ pé oṣù ìtọ́jú ara la wà." Ó lè rí awakọ̀ mìíràn. Ó lè má rí…

Thankamani ìyàwó mi wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń sọ "ọjọ́ kẹjọ" lórí fóònù. Ó ń rẹ́ àgbọn. Kò fọhùn. Obìnrin tó máa ń wí pé, "Àjò kì í dùn kónílé má relé, àmọ́ tiyín ti fẹ́ dùn jù"! Ó mọ̀. Gbogbo ilé ládùúgbò yìí ló mọ òfin ìjókòó. Ó jẹ́ kí n ṣi ọjọ́ kà. Ó yẹ kínú bí mi — ṣùgbọ́n ìbínú wà nínú èèwọ̀: ìbínú, oorun ọ̀sán, omi tútù, igbe…

Igbe. Kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín? Bàbá mi ni. Adẹ́mu ni wọ́n, igi àgbọn tí wọ́n ń gùn dẹ́mu ti ba ẹ̀yìn wọn jẹ́, nítorí náà lọ́dọọdún, lóṣù òjò yìí, wọ́n ń gba òróró, wọ́n á sì wá jókòó. Àwa ọmọ wá rí ayé! A fọ́ ìkòkò, a gun òrùlé. Bàbá á lanu, ìyá wa á ní, "Ìjókòó yín o, bàbá Velayudhan," wọ́n á pa á dé. Èmi ni mo ń fi èédú fa ilà sẹ́yìn ògiri, ká má baà gbàgbé ọjọ́ tí pàṣán ń bọ̀. Méje ti òróró. Méje ti…

Méje.

Èmi ni mo fa ilà. Mẹ́rìnlá ni, lọ́dọọdún, mi ò ṣì í kà rí. Kí ni mo wá ń pè ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi? Nígbà tí mo ń wí ọjọ́ kẹjọ fún Kuttappan — mo mọ̀. Thankamani ò tàn mí. Ọdún méjìlélógún, mi ò kọ ẹrù ẹnì kan rí, ahọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó tó. Mo wá lọ ránṣẹ́ sí arúgbó oníṣègùn kan pé kó wá bá mi sọ ọ́.

Fóònù tún ń dún. N ó gbé e. Mi ò ní pe orúkọ oníṣègùn sí i, mi ò ní pe ti orúnkún. Ilé ló wù mí, Kuttappan. Ó ti ń wù mí tipẹ́.