Ìbọn Ni Tàbí Ọwọ́

Kì í ṣe awò. Mo ti tú awò orí ìbọn yìí, mo ti tún un dè, gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló le dáadáa. Kì í ṣe ọta náà, mo ti pààrọ̀ ọta. Kì í ṣe atẹ́gùn… ó dáa, ó lè jẹ́ atẹ́gùn lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n atẹ́gùn wo ló ń tẹ̀ lé èèyàn kiri láti oṣù tó kọjá? Ní ọgọ́rùn-ún yáàdì, ihò tí ọta mi ń dá sára pátákó ń fara kan ara wọn. Tí mo bá wá sún sẹ́yìn, tó di ẹgbẹ̀ta yáàdì, tó di ẹgbẹ̀rún — ọ̀kan á gba òkè, ọ̀kan á gba ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan á ṣáko lọ bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Ó yá, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi Oyèbánjí, àgbàlagbà, lọ́sàn-án Sátidé, mo jókòó ti tábìlì oúnjẹ nínú fúláàtì wa ní Gascoigne, nílùú òyìnbó níbí, mo tẹ́ tówẹ̀lì, mo tẹ́ ìbọn sórí rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi òróró pa lára. Gbémi ìyàwó mi ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Níta, àwọn tó ń wó ilé àtijọ́ ti tún gbé ariwo wọn dé. Wọ́n ń wó, wọ́n ń kọ́, wọn ò jẹ́ kí èèyàn ronú. Ronú kí ni? Ìbọn ni. Mo ní ìbọn ni.

Kí n rò ó dáadáa. Ọ̀pá ìbọn àtijọ́ ti jẹ tán, ọta ló jẹ ẹ́ láti inú. Lóṣù tó kọjá, alágbẹ̀dẹ ìbọn kan ní Essex bá mi yọ ọ́, ó fi ọ̀pá tuntun sí i. Ọkùnrin náà mọṣẹ́. Ó gbẹ́ igi tó gbé ọ̀pá náà dúró, kí ọ̀pá má baà fara kan igi, nítorí tí ọ̀pá ìbọn bá gbóná, tó sì fara ti nǹkan, yóò máa da ọta síbi tó wù ú. Ìyẹn náà, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ tí mo gbé e délé ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà kì í ṣe ìyẹn.

Kí ló wá kù?

Má sọ ọ́.

Michelle sọ ọ́ ní tirẹ̀. Michelle tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, òun ló kọ́kọ́ mú mi lọ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn yíyìn sí pátákó ṣe eré ìdárayá. Ọmọ Dagenham East ni, kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "It's the rifle or it's you, Banji. Give it here, let me have a go." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọta ti tán. Ọta wà lápò mi! Ọta ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ lápò mi bí mo ṣe ń parọ́ fún un. Nítorí pé tí Michelle bá yìn ín, tí ọta tirẹ̀ náà ṣáko, ìbọn ni. Ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ bá lọ tààrà sí àárín pátákó…

Ó dáa. Ọwọ́ ni. Mò ń bẹ̀rù pé ọwọ́ ni.

Ọwọ́ òsì bàbá mi ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n. A ní òtútù ni. Nígbà tó yá, a ní ọjọ́ orí ni. Kí dókítà tó sọ orúkọ àìsàn náà, bàbá mi ò lè di bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́ — ọkùnrin tó ń kun lọ́rì ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń fi ojú lásán fa ìlà gbọọrọ láti iwájú lọ́rì dé ẹ̀yìn! Èmi ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń fà lára aláìsàn. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń di apá wọn mú, àtàǹpàkò rẹ̀ ni mo fi ń tẹ iṣan kó má baà sá. Lọ́jọ́sí, ìyá arúgbó kan gbójú sókè wò mí. "Are you cold, love?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òtútù ń mú mi. Wọ́ọ̀dù náà sì gbóná bí ààrò.

Tó bá jẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ni, mo mọ ibi tí ọ̀nà náà já sí, èmi ni mo fi ṣíbí bọ́ bàbá mi ní ìgbẹ̀yìn… Ìbọn ni. Jọ̀ọ́, Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ ìbọn.

Kí n tún un yẹ̀ wò. Igba náírà kan wà nínú dúrọ́ọ̀. Owó bébà ti òyìnbó ti di ọ̀rá, kò dáa fún irú iṣẹ́ yìí. Mo fi owó náà há àárín ọ̀pá àti igi, mò ń fà á láti iwájú bọ̀ wá sẹ́yìn. Tó bá lọ gbọọrọ, kò sí nǹkan tó fara kan ọ̀pá. Ó ń lọ. Ó ń lọ… mo kúkú mọ̀, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò —

Ó dúró.

Mo tún fà á. Ibẹ̀ náà ló tún dúró sí. Nǹkan wà níbẹ̀. Nǹkan wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn mi!

Ìbọn ni! Ìbọn ni, kì í ṣe ọwọ́! Èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín yìí bí wèrè. Mo tú nọ́ọ̀tì abẹ́, mo gbé irin kúrò lára igi. Aṣọ ni. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ká a, wọ́n fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tì í wọlé, ó ń rùn fún òróró ólífì. Gbémi! Gbémi tí kì í nu tábìlì tí ìbọn bá wà lórí rẹ̀. "Daddy Ìmísí, deacon wo ló ń gbé gun wọlé? Ẹ gbé e kúrò níwájú mi jàre!" Òun náà ló wá ń gbàdúrà fún ìbọn? Ẹ gbà mí o. Àdúrà ìyàwó mi ló ń darí ọta mi lọ sínú igbó. Obìnrin yìí… ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mókè ni. Inú mi dùn débi pé omi ń bọ́ lójú mi.

Dúró ná.

Nǹkan tí Gbémi bá fẹ́ kí Ọlọ́run bù kún, òróró ló ń ta sí i. Ó ta á sẹ́nu ọ̀nà. Ó ta á sórí ọkọ̀. Ó ta á sórí kọ̀ǹpútà Ìmísí ọmọ wa nígbà tó ń lọ sí yunifásítì, kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Òróró ni ti ohun èlò. Aṣọ yìí… òwú elésèé àlùkò wà ní etí rẹ̀. Àńkáṣíìfù ni, ó gé e ni. Àwọn àńkáṣíìfù tí pásítọ̀ gbàdúrà lé lórí lọ́jọ́ ètò ìwòsàn, bí wọ́n ṣe ń mú aṣọ láti ara Pọ́ọ̀lù lọ fún àwọn aláìsàn nínú Bíbélì. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn sára ohun èlò. Aláìsàn ni wọ́n ń fi í sí lára.

Ibi tó wà náà… mo gbé igi ìbọn sọ́wọ́. Òkè ibi tí àtẹ́lẹwọ́ òsì mi ń gbé e dúró sí gan-an ni.

Ìgbà wo ló fi í síbẹ̀? Lọ́jọ́ tí mo gbé e délé, náírà yìí lọ gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ìjẹ̀bú, mo wọ yàrá lọ gbọ́ fóònù. Ìgbà tí mo jáde, Gbémi dúró ti tábìlì yìí. "Remote ni mò ń wá." Bẹ́ẹ̀ ni rìmóòtù wà lórí àga. Mo ti ìbọn mọ́nú àpótí irin lálẹ́ ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í sì kúrò lára mi. Kò sí ọjọ́ mìíràn tó lè jẹ́.

Ìyẹn ni pé… n ò tí ì yin ẹyọ ọta kan láti inú ọ̀pá yìí nígbà yẹn. Kò tí ì sí ọta tó ṣáko. Kò tí ì sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn ìbọn.

Ọwọ́ mi ló rí.

Ó ti rí i kí èmi tó fura. Gbogbo ìgbà tó ń di ọwọ́ òsì mi mú ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù títí dé òpin… mo rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni. Ó ń dì í mú kí àwọn èèyàn má baà rí i. Èmi wá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá, mò ń tú nọ́ọ̀tì, mò ń de nọ́ọ̀tì.

Ìbọn yóò lọ tààrà báyìí. Ó ṣeé ṣe kó lọ tààrà. Kí ni ìyẹn fẹ́ sọ fún mi?

Mo sún ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo na ọwọ́ òsì lé orí tówẹ̀lì, n ò fi ọ̀tún dì í, mò ń wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀. Àtàǹpàkò ń mì. Ó kéré púpọ̀… ẹni tí kò bá fẹ́ràn èèyàn kò lè rí i. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ti ń ba Gbémi tipẹ́, òun nìkan ló sì ń dá a gbé.

Tí Gbémi bá wọlé, n ò ní ti ọwọ́ yìí bọ àpò kó má baà rí i.