Aṣọ Tí Wọ́n Fi Nu Mọ́tò Tuntun

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí ọmọ wa obìnrin ti bímọ, a ò tíì fojú kan ọmọ. Mọ́tò ló fà á.

Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ mi fi wa mọ́tò fún àwọn ọ̀gá. Bí èékánná lásán bá ha ara mọ́tò, òun ni wọ́n ń bi. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra tiẹ̀, tuntun, dúdú, ó ń dán gbinrin. Ó ní a ò ní wọ ọkọ̀ èrò lọ kí ọmọ ọmọ òun nígbà tí mọ́tò wà nílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ọ̀nà ilé ọmọ wa, ló bá lọ ra oje kan tí wọ́n fi ń bo ara mọ́tò kí nǹkan má bàa ha á. Ó ní ọjọ́ méje ló fi ń gbẹ. Ọjọ́ méje pé, ó ní ó di kí òun tún un kùn lẹ́ẹ̀kejì. Òjò rọ̀ sórí ẹ̀ẹ̀kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará ilé sọ ọ́ ní Má-fọwọ́-kàn-án. Kò bínú.

Ní Sátidé, ọmọ wa pè mí lórí fóònù. “Ìyá mi, ṣé mọ́tò yẹn ò tíì gbẹ ni?” Mo ní ó kù díẹ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, inú ń bí mi débi pé mi ò rí òwú fi sójú abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe jẹun.

Mo jáde síta. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ síbi ilẹ̀kùn mọ́tò, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń nu ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó ká aṣọ ìnumọ́tò mẹ́ta lé orí àga lẹ́yìn rẹ̀. Atẹ́gùn gbé ọ̀kan já sínú iyanrìn. Kò sí aránṣọ tí ò mọ ohun tí aṣọ oníyanrìn ń ṣe fún nǹkan dídán. Mo ṣà á nílẹ̀, mo ká a, mo yí ojú tó ní iyanrìn sínú, mo dá a padà sórí àwọn yòókù. Mi ò ní purọ́, àyà mi ò tilẹ̀ já.

Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó mú un, ó tú u. Ó dúró díẹ̀. Ó wá fi nu bọ́nẹ́ẹ̀tì yípo lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, ó ti ha gbogbo ẹ̀.

“Ìyá wọn,” ó ní, “lọ wọ bàtà.”

Wákàtí méjì la fi wa mọ́tò lọ sílé ọmọ wa. Òkúta ń ta bá mọ́tò lábẹ́, kò tilẹ̀ rọra wà á. Ẹ̀rí ọkàn wá ń dà mí láàmú.

“Bàbá wọn, aṣọ àárọ̀ yìí…”

“Mo rí ẹ.”

“Ẹ kẹ̀yìn sí mi.”

“Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ṣebí mo ti nu ilẹ̀kùn yẹn títí tó fi di dígí. Inú ẹ̀ ni mo ti ń wò ẹ́ tí ò ń ká a.”

“Ẹ tún wá fi nu ún?”

“Ó ti sú èmi náà. Mi ò kàn mọ bí màá ṣe dáwọ́ dúró ni.”



Nígbà tá a débẹ̀, ọmọ wa gbé ọmọ jáde pàdé wa. Ojú ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi bọ́nẹ́ẹ̀tì. “Ẹ̀yin bàbá, ta ló ha mọ́tò báyìí?”

Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ mi fi dá irú ìbéèrè yẹn lóhùn pé, “Kì í ṣe èmi, sà.” Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e sí àyà.

“Èmi ni,” ó ní. “Mọ́tò mi ni.”