Aṣọ Tí A Wọ̀ Fún Gbólóhùn

“Gbólóhùn yìí wà níhòòhò. Ta ni yóò wọ aṣọ fún un?”

Ọmọ mẹ́rìndínlógójì ló wà ní kíláàsì náà, àfi bí ẹni pé gbogbo wọn ló nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fọláyọ̀ olùkọ́ wọn rẹ́rìn-ín, ó tún tọ́ka sí ohun tó kọ sójú pátákó: *Ọmọ náà jẹ búrẹ́dì.* Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ pírámárì kejì ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe nìyẹn láti ọdún mẹ́ta tó ti dé ilé ìwé náà, ní ibi tí Agége ti fẹ́ẹ́ di Ọgbà. Àwọn olùkọ́ tó kù á to “pupa, dúdú, gíga, kúkúrú” sójú pátákó, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ há a sórí. Fọláyọ̀ kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ní Èkìtì, ìtàn ló fi là á lóhùn. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọmọ kan á mú ìtàn wá láti ilé, kíláàsì á sì para pọ̀ wọ aṣọ fún un. Ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ tó dùn wá, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Fọláyọ̀ sì ń sọ ọ́ lásọtúnsọ: kò sí òpùrọ́ nínú ìtàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí à ń wí yìí, Uswat ló kàn. Ọmọ ọdún méje ni, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í dá sọ̀rọ̀ bí wọn ò bá pè é. Bàbá rẹ̀ kú ní èṣí. Ìtàn tó mú wá kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. *Màmá mi lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́. Èmi àti Màmá Àbẹ̀kẹ́ jẹ búrẹ́dì. A sùn.*

“Irú alẹ́ wo?” Fọláyọ̀ bi í.

“Alẹ́ dúdú.”

“Dúdú báwo?”

Uswat ronú díẹ̀. “Dúdú kirikiri.”

Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ojú ọmọ náà tàn, ó sì na ọrùn bí ẹni tó ń retí òmíràn.

“Búrẹ́dì ńkọ́?”

“Búrẹ́dì gbígbẹ.”

“Tó le koko,” ọmọkùnrin kan fi kún un láti ẹ̀yìn. Uswat gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mìíràn ní kí wọ́n fi eku sí i, eku ràbàtà tí ń woni. Kò sí eku nílé àwọn Uswat, ṣùgbọ́n gbogbo wọn fẹ́ràn eku náà, ó wọlé.

Fọláyọ̀ wo ìtàn náà bí aránṣọ ṣe ń wo bùbá tí kò tíì jókòó dáadáa. “Uswat, bí èèyàn méjì bá wà nínú òkùnkùn, ẹ̀rù kì í fi bẹ́ẹ̀ bà wọ́n. Ṣé ká yọ Màmá Àbẹ̀kẹ́ kúrò, kí ọmọ náà dá wà?”

“Màmá Àbẹ̀kẹ́ máa ń wà níbẹ̀ o, Anti.”

“Mo mọ̀. Ìtàn la ń pa.”

Bí wọ́n ṣe yọ Màmá Àbẹ̀kẹ́, ìyá arúgbó alábàágbé wọn, kúrò nínú ilé tó ń sùn lálaalẹ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n parí, Fọláyọ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ tó rẹwà da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé ńlá tó fi ń kó ìtàn àwọn ọmọ jọ, ó sì kọ orúkọ Uswat sábẹ́ rẹ̀:

*Màmá mi lọ síbi iṣẹ́ ní alẹ́ dúdú kirikiri. Wọ́n ti ilẹ̀kùn wúwo mọ́ mi. Èmi nìkan ṣoṣo jẹ búrẹ́dì gbígbẹ tó le koko. Eku ràbàtà kan ń wò mí. Mo sunkún títí mo fi sùn.*

Pàtẹ́wọ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ dé ẹnu géètì.

Lọ́jọ́ Ajé, Fàúsát, ìyá Uswat, wá mú ọmọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ló ń ṣiṣẹ́, sífíìtì alẹ́ ló sì rí gbà lẹ́yìn ikú Àbdùlgàfár ọkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú fún àìsùn. Ó fa Fọláyọ̀ sí ẹ̀yìn táǹkì omi.

“Anti, ẹ̀gbọ́n bàbá Uswat fẹ́ gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi.”

“Kí lẹ ṣe?”

“Wọ́n ní mi ò tọ́jú ẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn, ilé ni wọ́n ń wá. Orúkọ Uswat ni bàbá ẹ̀ fi ra ilé tá à ń gbé. Ẹni tí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ ẹ̀, òun ni ilé máa wà lọ́wọ́ ẹ̀.” Ó nu imú. “Bàbá àgbà wọn ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé wá dá ẹjọ́ náà. Ohun tí bàbá yẹn bá sọ labẹ gé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi débẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, wọ́n á gbọ́ tiyín. Ẹ kàn sọ bí ọmọ mi ṣe ń wá síléèwé.”

Fọláyọ̀ mọ bí ó ṣe ń wá. Kò sí àárọ̀ kan tí yúnífọ́ọ̀mù Uswat kò rí ayọ́ọ̀nù, kò sì sí ọjọ́ kan tí kúlà oúnjẹ rẹ̀ ṣófo. “Màá wá, Ìyá Uswat. Ohun tí mo fojú rí ni màá sọ.”

Fàúsát fẹ́ kúnlẹ̀, Fọláyọ̀ yára gbé e dìde. Ẹ wò ó, ìwé ńlá yẹn wà nínú báàgì tó gbé kọ́ èjìká lásìkò tí ó ń ṣèlérí yìí o. Kò wá sí i lọ́kàn rárá.

Lọ́jọ́rú, Ìyáàfin Oyinadé ránṣẹ́ pè é. Òun ló ni ilé ìwé, òun náà ni ọ̀gá àgbà. Màdáàmù ni gbogbo wọn ń pè é. Láti ọdún mẹ́ta, Fọláyọ̀ kò gbọ́ ju “o pẹ́” àti “ariwo kíláàsì rẹ pọ̀” lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, àga ló fi lọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọ́fíìsì, inú páálí ni wọ́n ṣì wà.

“Ọ̀rẹ́ ilé ìwé wa kan ló fi wọ́n tọrẹ,” Màdáàmù wí. “Fọláyọ̀, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé rẹ lọ́jọ́ Ẹtì. Iṣẹ́ rẹ wú mi lórí. Lọ mú ìwé ìtàn yẹn wá fún mi. Mo fẹ́ fi han àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́, kí wọ́n mọ̀ pé mo ní olùkọ́.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ṣùgbọ́n ta ni í rántí òwe nígbà tí wọ́n bá ń yìn ín? Inú Fọláyọ̀ dùn débi pé ó fi etí gèlè nu èèpo ìwé náà kó tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún obìnrin náà.

Ní Sátidé, ó dé ilé Fàúsát ní Agége ní aago mẹ́wàá. Bàbá àgbà jókòó sórí àga tìmùtìmù, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Alàájì Àlàmú, ẹ̀gbọ́n olóògbé, wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Computer Village ní Ìkẹjà ló ti ń ta kọ̀ǹpútà, Omole ló ń gbé. Màmá Àbẹ̀kẹ́ tó ń gbé yàrá kejì jókòó sílẹ̀ lórí ẹní. Ẹni tó jókòó ti Alàájì ni Màdáàmù. Kí n má parọ́, inú Fọláyọ̀ kọ́kọ́ dùn nígbà tó rí i. Ó rò pé ọ̀gá òun náà wá gbèjà ọmọ.

Fàúsát ti gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ fún Anti.

Alàájì kò fọ̀rọ̀ gùn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀rá, ó yọ ìwé ńlá náà jáde, ó sì kà á sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ka alẹ́ dúdú. Ó ka ilẹ̀kùn wúwo. Nígbà tó dé ibi “èmi nìkan ṣoṣo,” ó gbé ojú sókè wo Fàúsát kó tó máa bá a lọ. Fọláyọ̀ dá ìwé ara rẹ̀ mọ̀.

Fàúsát yíjú sí i. Ẹni tó ní kó fẹ́ òun lójú ló ti fi ata sẹ́nu, kò sì tíì yé e.

“Irọ́ ni,” Màmá Àbẹ̀kẹ́ wí. “Èmi ni mò ń sùn tì í. Láti ọjọ́ tí ìyá ẹ̀ ti ń lọ síṣẹ́ alẹ́, ọmọ yìí ò dá sùn rí.”

“A gbọ́, Màmá,” Alàájì dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. “Orúkọ yín dà níbí?”

Fọláyọ̀ dìde. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo yọ wọ́n kúrò. Ìtàn ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní—”

“Ìwọ lo kọ ọ́?” bàbá àgbà bi í.

“Èmi ni, sà.”

“Ẹnu ọmọ ló ti jáde?”

“Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sà. Eku yẹn, ọmọ mìíràn ló mú un wá. Kò sí òótọ́ níbẹ̀.”

Alàájì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí Màdáàmù. “Ṣé irọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níléèwé yín ni?”

“Rárá o,” Màdáàmù wí. “Ohun tí ọmọ bá sọ ni olùkọ́ mi ń kọ sílẹ̀. Àánú ìyá yìí ló ń ṣe Fọláyọ̀. Ó ń ṣe èmi náà.” Ó tilẹ̀ yọ áńkáṣíìfù, aṣeni-bánidárò, ó fi kan etí ojú.

Bàbá àgbà ní kí wọ́n pe ọmọ wá. Uswat kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá fà á mọ́ra. “Ìyá mi, sọ fún mi. Báwo ni alẹ́ ṣe ń rí nílé yín?”

Uswat wo ìyá rẹ̀. Ó wo Anti. Ó wá rí ìwé ńlá lórí itan Alàájì, ojú rẹ̀ sì là. Ó mọ ìbéèrè yìí. Ó dúró ṣánṣán, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí wọ́n ti ń ṣe ní kíláàsì.

“Alẹ́ dúdú kirikiri,” ó wí. “Ó gùn gbọọrọ. Ó tutù nini.”

Méjì tó kẹ́yìn yẹn kò sí nínú ìwé. Òun nìkan ló lọ wá wọn láti ọjọ́ Ẹtì. Ó wo Fọláyọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró.

“Uswat,” Fọláyọ̀ wí, “ta ló ń sùn tì ọ́?”

“Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, Anti,” Alàájì wí. “Bàbá ló ń bi í.”

Bàbá àgbà kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ó ní òun kò fẹ́ ya ìyá àti ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ Àbdùlgàfár kò gbọdọ̀ máa dá sunkún sùn bí ẹni tí kò ní ẹbí. Alàájì ti yọ ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé e síwájú Fàúsát pẹ̀lú bírò.

Fàúsát kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. Ó yí ìwé náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì nà án sí ẹni kan ṣoṣo tó lè nà án sí. “Anti, ẹ bá mi kà á.”

Fọláyọ̀ kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ti ń lọ. Ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ Alàájì. Ìyá lè wá wò ó ní òpin oṣù. Alàájì ni yóò máa bójú tó ilé títí ọmọ yóò fi dàgbà. Kí ìyá kó jáde láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Lábẹ́ rẹ̀, Màdáàmù ti fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Orúkọ ẹlẹ́rìí kejì tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni Fọláyọ̀.

“Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ sí i?” Fàúsát bi í.

“Ọjọ́bọ̀.”

“Ọjọ́bọ̀ tó kọjá? Nígbà tí Bàbá ò tíì kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́?”

Bàbá àgbà ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò gbé ojú sókè.

Fọláyọ̀ ti bírò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Mi ò ní fọwọ́ sí i.”

“A ó sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé,” Màdáàmù wí.

“Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Anti,” Alàájì wí, ó fọwọ́ lu ìwé ìtàn ńlá náà. “Èyí tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ ti tó wa.”

Fàúsát fọwọ́ sí i, nítorí gbogbo ilé ń wò ó. Kò sunkún. Ó wọ yàrá lọ, ó di aṣọ ọmọ sínú báàgì Gáná-mọ́ọ̀sì-gó, ó sọ fún Alàájì pé Uswat kì í jẹ ẹ̀wà, pé bí ara rẹ̀ bá gbóná kí wọ́n fi omi nù ún. Nígbà tí mọ́tò Alàájì ti gbé Uswat lọ tán, Fọláyọ̀ ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè lọ, kò lè wọlé.

“Mo sọ fún yín lọ́jọ́ Ajé, Anti,” Fàúsát wí. “Gbogbo ẹ̀ ni mo sọ fún yín.”