Báàgì Ọ̀gá àti Lẹ́tà Méjì

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Tàjúdéènì alágbàfọ̀ ò mọ̀wé. Mo mọ̀wé! Odindi ọdún méjì ni mo fi lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà ní Kúje, mo sì ń ka Yorùbá bí ẹni ń mumi. Ìwé tí mo mọ̀ yẹn gan-an ló kó bá mi.

Ọdún 1979 ni. Àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà ti padà sílùú wọn tipẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti kó wọ àwọn ilé Fẹ́sítáàkì. Èmi ń ru ẹrù aṣọ kiri láti Kúje dé Máìlì Tú, títí orúnkún mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Lọ́jọ́ kan ni Màmá Rosaline, ìyàwó Ọ̀gá Fọlọ́runṣọ́, pè mí.

Ó ní, "Tàjú, fúláàtì mẹ́fà ló wà nílé wa yìí, kò sì sẹ́ni tó ní alágbàfọ̀ gidi nínú wọn. Ọ̀gá ni alága ilé. Bó o bá fọ báàgì rẹ̀ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fà ọ́ lé gbogbo wọn lọ́wọ́."

Fúláàtì mẹ́fà! Ilé kan ṣoṣo, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo! Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ fún báàgì.

Báàgì ọ̀hún kì í ṣe irú tiwa. Jámánì ni Ọ̀gá ti rà á nígbà tí ìjọba rán an lọ kọ́ṣẹ́. Èjìká méjèèjì ni wọ́n ń gbé e kọ́, á wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Kánfáàsì aláwọ̀ ewé ni, awọ ni wọ́n sì fi ṣe etí àti okùn rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni Ọ̀gá ń gbé e lọ pẹja létí ọ̀sà, òórùn ẹja sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ológbò aládùúgbò ló ń sùn tì í.

Ọ̀gá ti lọ síbi iṣẹ́, àmọ́ ó fi pínnì gún ìwé kan mọ́ okùn báàgì. Ohun tó kọ nìyí:

"Ko gbogbo eru inu re kuro. Ma fi omi gbigbona fo o. Ma fi buroosi gbo o. Ma sa a soorun. Ma lo o. Ma fi ori pa awo re."

Bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, kò sí àmì kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀. Mo kà á: máa fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Mo ní, háà, Ọ̀gá yìí mọ iṣẹ́ wa!

Mo kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò: ìwọ̀ méjì, ìdajì búrẹ́dì tó ti le, àti ẹja kékeré kan tó ti gbẹ sí kọ̀rọ̀. Mo se omi títí ó fi hó yaya, mo dà á lé e lórí. Àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, omi dà bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, mo sá a sóòrùn ọ̀sán gangan. Lọ́jọ́ kejì mo koná sí áyọ́ọ̀nù.

Sàdíátù ìyàwó mi dúró, ó ń wò mí. "Bàbá Ìdáyátù, ṣé báàgì lẹ fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀?"

"Ìwọ mọ̀wé ni? Ohun tí wọ́n kọ ni mò ń ṣe!"

Kí n má parọ́, ọkàn mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lẹrù ló mọ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n di ẹrù òun. Mo lọ̀ ọ́. Awọ rẹ̀ sún kì, báàgì àgbàlagbà wá di ti ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo fi òrí pa awọ náà dáadáa. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ ó ń dán.

Àárọ̀ Sátidé ni mo gbé e dé. Ọ̀gá na ọwọ́ ọ̀tún sínú okùn, okùn há sí ìgunpá rẹ̀. Ó fà á, kò jáde.

"Yéè! Ta ló pa báàgì mi? Mo kọ ọ́ sílẹ̀! Mo ní má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́!"

Ẹ̀rù bà mí, inú sì tún bí mi. Mo yọ ìwé lápò. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà. Ẹ ní máa fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́."

"Má!"

"Máa, sà!"

"Mo ní má! Òpè lásán-làsàn! Ìwé wo lo mọ̀?"

Ẹ wò ó, ká sọ pé ó gbá mi létí ni, ì bá sàn. Gbogbo àwọn ará fúláàtì márùn-ún yòókù ti jáde sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń wo èmi alágbàfọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ fún. Omi bọ́ lójú mi.

Màmá Rosaline gba ìwé lọ́wọ́ mi. "Bàbá Rosaline, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìlà tó gbẹ̀yìn."

"Máa fi òrí pa awọ rẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ wá ka èyí tó ṣáájú rẹ̀."

"Má lọ̀ ọ́."

"'Máa' rèé, 'má' rèé. Ẹ fi ìyàtọ̀ wọn hàn mí nínú ìwé yìí."

Ọ̀gá fi ìka tọ ìlà méjèèjì. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn.

Màmá Rosaline ò tíì ṣe tán. "Lọ́dún 1957, Kàdúná lẹ wà tẹ́ ẹ kọ̀wé sí mi: 'Beatrice, ma duro de mi.' Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sunkún. Mo ti gbà láti fẹ́ Olúgbóyèga télọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè, tẹ́ ẹ ní 'máa' lẹ ní lọ́kàn!"

"Olúgbóyèga?" Ohùn Ọ̀gá ti rẹlẹ̀. "O ò sọ ọ́ fún mi rí."

"Ẹ ò béèrè."

Ọ̀gá wọlé tòun ti báàgì ní ìgunpá. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ fúláàtì mẹ́fà mọ́, mo bá rọra lọ sílé.

Sunday kọjá, Monday kọjá. Ní Tuesday ni Rosaline mú ìwé pélébé kan wá láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀: "Tajudeeni, ma bo lola."

Mo yí i sókè, mo yí i sódò, mo gbé e sójú oòrùn. Kò sí àmì kankan!

Sàdíátù ní, "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́la."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Sàdíátù, ẹni tó ń wáṣẹ́ kì í ka 'má'."

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé bàsíà ìfọṣọ mi lọ. Ọ̀gá ló ṣílẹ̀kùn. Mo na ìwé náà sí i. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó lanu. Màmá Rosaline wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá panu dé, ó yà fún mi.

Títí dòní mi ò mọ èyí tó kọ nínú méjèèjì, mi ò sì ní béèrè. Aṣọ fúláàtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mò ń fọ̀.