Ẹ Bọ́ Bàtà Yín

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ eléyìí, ẹ bá mi gbọ́.

Èmi ni mo mú ìyá àgbà wa, Tokue, lọ sí Kamisawa, ìlú wa, pé kí wọ́n lọ buwọ́ lùwé. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ wọ́n. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n kó gbogbo wa kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì bú gbàmù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà yẹn. Ìjọba wá ní àwọn á bá wa wó ilé wa tó wà níbẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tí a lọ yẹn ni gbèdéke. Tí a ò bá buwọ́ lù ú, àwa fúnra wa la máa wó o. Èmi àti ta?

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ fojú rí i ná," ni ìyá àgbà sọ.

Wọ́n fún wa ní aṣọ funfun lẹ́nu géètì, ìbọ̀wọ́ méjì-méjì, ọ̀rá lórí bàtà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn oró iná átọ́míìkì kọ́ mi lọ́rùn, ó ń ké ṣíọ́-ṣíọ́ bí òròmọdìẹ. Ọ̀gbẹ́ni Niitsuma láti ọ́fíìsì ìlú tẹ̀lé wa, fáìlì lábẹ́ abíyá.

Ìyá àgbà ṣílẹ̀kùn, wọ́n kàn dúró síbi tí a máa ń bọ́ bàtà sí.

Ipa bàtà ló kún orí ẹní tí a tẹ́ bo ilẹ̀ ilé, látẹnu ọ̀nà títí dé iwájú pẹpẹ tí fọ́tò bàbá àgbà wà. Kì í ṣe eku o, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Àwọn tó ń yọ́ wọlé onílé wá ya fọ́tò tí wọ́n máa gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n ti gbé báàgì pupa tí mo fẹ́ fi wọ iléèwé sáàárín pálọ̀, wọ́n wá gbé bèbí ìṣeré kan jókòó tì í. Bèbí yẹn kì í ṣe tiwa! Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n gbé bèbí wá látilé wọn kí ilé wa lè ṣeni láàánú dáadáa!

Ibi tí mo ti ń pariwo ni Niitsuma ti gbẹ́sẹ̀ lé ẹní, tòun ti bàtà.

"Níbo lò ń lọ?"

Ìyá àgbà mi kì í sọ "o" fún àjèjì. Ọlọ́pàá gan-an, "ẹ" ni.

"Màmá, mo fẹ́ ya fọ́tò ògiri ni."

"Bọ́ bàtà ẹ."

"Òfin ni, Màmá. A ò gbọdọ̀ bọ́ bàtà níbí, eruku tó wà nílẹ̀ yìí..."

"Ta ló da eruku ọ̀hún síbẹ̀? Èmi?"

"Kì í ṣe èmi náà, Màmá."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe ẹnì kankan. Láti ọdún mẹ́tàlá, mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é."

Niitsuma mí kanlẹ̀. "Màmá, nínú ìwé wa, ibí yìí kì í ṣe ilé mọ́."

"Kí ni? Chihaya, kà á. Mi ò mú awò mi wá."

Mo kà á. "Pàǹtí àjálù. Onígi. Alájà méjì." Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gbé ìwé yẹn kiri, mi ò kà á débẹ̀ rí. Ojú tì mí.

"Pàǹtí," ni ìyá àgbà wí. "Inú pàǹtí ni mo bí bàbá ẹ sí. Inú pàǹtí lọkọ mi kú sí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa ọ̀rá ya, wọ́n bọ́ bàtà, ó di orí ẹní.

"Ìyá àgbà, ẹ dákun!"

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni mí. Oró tó bá fẹ́ pa mí, kó yáa tètè ṣe é." Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi ń nu ipa bàtà. "Ká tiẹ̀ ní ilé ti kú. Ṣé bàtà lo máa ń wọ̀ wọ ilé òkú nílé tìẹ?"

Niitsuma jókòó. Ó tú okùn bàtà rẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ jáde nínú ìbọ̀sẹ̀.

"Ṣé kò sí abẹ́rẹ́ ní ọ́fíìsì yín ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á. Ó wá tẹrí ba bá a ṣe máa ń ṣe nílé onílé: "Mo wá dà yín láàmú o."

"Ẹ wọlé," ni ìyá àgbà dáhùn. "Ẹ" ti padà.

Niitsuma ya fọ́tò ògiri tán, ó na bírò sí wọn. "Ọjọ́ ti lọ, Màmá."

"Ẹ kọ ilé síbẹ̀, mo máa buwọ́ lù ú."

"Mi ò lè yí i, Màmá. Láti òkè ni."

Ó wá wò mí, pé kí n bá òun bẹ̀ wọ́n. Mo gba bírò náà, mo dé e, mo kì í bọ àpò rẹ̀ padà.

Ìyá àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń yí bàtà Niitsuma kọjú sí títì. Bá a ṣe ń ṣe fún àlejò pàtàkì nìyẹn, kó lè kàn kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bá a sì ṣe ń sọ fún àlejò pé ilẹ̀ ti ń ṣú náà nìyẹn. Ó yé Niitsuma. Ó kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Mo sáré gbé bèbí yẹn lé e lọ́wọ́.

"Ẹ gbàgbé pàǹtí yín," ni mo wí.