Sàráà Perihan

Ní ìlú İzmir tiwa yìí, ènìyàn lè kú kí ará ilé kejì má mọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ti ń din àkàrà lokma fún un lójú títì, gbogbo àdúgbò ló di olólùfẹ́ òkú. Wọ́n á gbé ọkọ̀ tó ní agbada epo wá, wọ́n á kọ orúkọ olóògbé sára pátákó. Ìyẹ̀fun á máa wú rọ̀bọ̀tọ̀ nínú epo, wọ́n á rì í sínú omi ṣúgà, wọ́n á máa pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ á tò. Ẹni tí adájọ́ ń dúró dè á tò. Kò sẹ́ni tí í béèrè pé ta ló kú kó tó tò. Ìgbà tí abọ́ bá dọ́wọ́ ni wọ́n ń wo pátákó, wọ́n á dárúkọ òkú, wọ́n á ní kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi ni Perihan. Ọkùnrin kan ló gún un lọ́bẹ pa, nítorí irú obìnrin tó jẹ́. Irú tèmi náà ni: wọ́n bí wa, wọ́n kọ "ọkùnrin" sí ìwé ìbí wa, a dàgbà, a sì mọ̀ pé akọ̀wé ló ṣì í kọ. Adájọ́ ní òkú ló kọ́kọ́ múnú bí apààyàn, ó gé ẹ̀wọ̀n ọkùnrin náà kúrú bí ìrù ewúrẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n Perihan sọ̀rọ̀ sí lèmọ́mù létí, ni lèmọ́mù bá kígbe pé kí gbogbo èèyàn dá àníyàn ìrun òkú ọkùnrin. Mo mú ìborí pupa kan lọ́wọ́, irú èyí tí a máa ń tẹ́ sórí pósí obìnrin. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ṣà á nínú ẹrẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí ẹni tí kì í ṣe ara wa pè é ní Perihan ní gbangba, kí títì gbọ́.

Ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ni wọ́n ń rántí àwọn tí wọ́n pa bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Ọdọọdún là ń jáde, ọdọọdún ni wọ́n ń lé wa. Lọ́dún yìí, ìjọba fòfin de ìwọ́de, wọ́n fòfin de orin, wọ́n fòfin de ká jókòó pọ̀, wọ́n tún fòfin de ká dúró pọ̀. Wọn ò fòfin de lokma. Ta ló láyà ẹ̀?

Mo lọ bá Sıtkı ọlọ́kọ̀ lokma. Ó bi mí pé sàráà ta ni, mo ní ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó kọ PERIHAN gàdàgbà sára pátákó, ó sì padà sídìí epo rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ìlà ti kọjá ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó ti yí kọ́nà. Àwọn obìnrin tiwa wọ àárín ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn tíṣà, ọ̀kan níwájú awakọ̀ ojú omi. Èèyàn ò sì lè dúró lórí ìlà láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó bá béèrè ẹni tí Perihan jẹ́, wọ́n á sọ fún un, wọ́n á sọ bó ṣe kú pẹ̀lú. Ọ̀gbẹ́ni kan gbọ́, ó kó abọ́ rẹ̀ padà sórí tábìlì pé òun ò jẹ irú sàráà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kúrò lára abọ́ tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi gbé e.

Ìgbà náà ni ọlọ́pàá dé, tàwọn ti asà, tàwọn ti ọkọ̀ tí í fọ́n omi. Ferruh ni orúkọ ọ̀gá wọn. Ó fi gbohùngbohùn pàṣẹ pé kí a tú ká. Kò sẹ́ni tó mira. Ọkùnrin kan bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé bí òun bá tú ká, ta ni yóò bá òun di àyè òun mú? Ferruh, kó lè rí wọn lé, ní ọlọ́pàá yóò bá a dì í mú. Ló bá di pé gbogbo wọn gbà. Wọ́n ń fa ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan sí àyè wọn, wọ́n ń lọ ra sìgá, wọ́n ń lọ tọ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Nígbà tó yá, ìdajì ìlà ló dé akoto.

Ferruh wá bá Ìyá Mukaddes, arúgbó tó wà níwájú pátápátá, tí kì í pàdánù sàráà kankan ládùúgbò wa. Ó bi í bóyá ó tilẹ̀ mọ òkú yìí.

Ìyá ní, "Òkú ni. Kí ni mo tún fẹ́ mọ̀?"

"Ìyá, ọkùnrin ni. Kì í ṣe obìnrin."

"Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo wẹ̀ ẹ́ ni?"

Ẹ̀rín sọ látìwájú ìlà dé kọ́nà. Inú bí Ferruh, ó kọjú sí mi. Ó ní òun ti wo àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n pa, kò sí òkú kankan tó ń jẹ́ Perihan.

Mo ní, "Ọ̀gá mi, bí kò bá sí Perihan, ta lẹ ní ká má rántí?"

Ó pe ọ̀gá tirẹ̀ lórí fóònù. Èsì tó dé ni pé kí ó mú gbogbo oníwọ̀ọ́de, àmọ́ kó má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni tó wá jẹ sàráà, nítorí ìlú ò ní gbà á. Kó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ferruh gun ẹ̀yìn ọkọ̀ omi, ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará ìlú! Ẹni tó bá wá fún sàráà Perihan, kó tò sọ́wọ́ ọ̀tún. Oníwọ̀ọ́de, ọwọ́ òsì."

Títì ṣí kúrò lápá kan bí ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo wa bọ́ sọ́tùn-ún, àtọlọ́pàá tó ń di àyè mú. Ológbò kan ló ṣẹ́kù lósì, ó ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ferruh rò pé a ò gbọ́ ni, ó tún un sọ, ó tún fi kún ohùn: sàráà Perihan, ọwọ́ ọ̀tún. Orúkọ náà lu ilé tòkè tòdò, ó padà wá bá wa. Àwọn obìnrin ṣí fèrèsé lókè, wọ́n ń bi wá pé Perihan wo, àwọn tó ń tò sì ń dá wọn lóhùn, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà ni.

Mo dá abọ́ mi padà fún Sıtkı, mi ò lè jẹun.

Ìyá Mukaddes gba tirẹ̀, ó wo pátákó, ó ní, "Perihan, ọmọ mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ọ." Àwọn ọlọ́pàá tẹ̀ lé e, nítorí ó ti kàn wọ́n, bí lokma bá dọ́wọ́ ẹni, ẹnu gbọ́dọ̀ dárúkọ òkú. Nígbà tí Ferruh sọ̀ kalẹ̀, Sıtkı na abọ́ sí i láìwo ojú rẹ̀. Kò rọrùn láti kọ sàráà òkú ní İzmir. Ó gbà á. Ohun tó sọ, n kò gbọ́ ọ, ètè rẹ̀ ni mo rí tó ń mì.

Mo yọ ìborí pupa nínú báàgì mi, mo so ó mọ́ orí pátákó, sókè orúkọ rẹ̀. Ọlọ́pàá wà lọ́tùn-ún, ọlọ́pàá wà lẹ́yìn. Wọ́n ń wò mí. Omi ṣúgà ń kán láti ìka wọn, abọ́ sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.