Táǹkì Tí Kò Gba Omi Rí

Gbádégẹṣin ní ilé méjì ní Ṣómólú. Kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣètò iṣẹ́ wà nínú ọ̀kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nínú èkejì. Ilé mi ló wà láàárín. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti ra kọ̀ǹpútà ti di ọ̀gá gbogbo wa. Tirẹ̀ tún burú. Nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, ó máa ń so káàdì ìdánimọ̀ mọ́ ọrùn bí ewúrẹ́ àmúso.

Lọ́jọ́ kan, ó ri òpó irin mọ́ òrùlé méjèèjì, ó de àwo funfun mọ́ wọn lórí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò kí mi.

Mo ní, "Gbádégẹṣin, kí lò ń gbé kọjá lórí ilé mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Bàbá Fuad. Kò ní wáyà. Bí àwo méjèèjì bá ṣáà ti ń rí ara wọn, iṣẹ́ á kúrò níbí, á bọ́ sọ́hùn-ún. Ẹ má da ara yín láàmú, ìwé mẹ́ta tí ẹ kà kò débẹ̀."

"Kò yẹ kó o kọ́kọ́ wá rí mi?"

"Torí afẹ́fẹ́? Afẹ́fẹ́ ò ní láńlọ́ọ̀dù."

Mo pe wẹ́dà, mo ní kó jó sítáńdì tó ga ju òrùlé lọ sí àgbàlá mi. Mo gbé táǹkì dúdú ràgàjì kan lé e. Àwo kò rí àwo mọ́.

Gbádégẹṣin wá, ó ti ṣí fìlà. "Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, àsìkò kàlẹ́ńdà la wà yìí. Àwọn oníbàárà mi ti ń kó iṣẹ́ wọn lọ bá àwọn atẹ̀wé Palmgrove. Ẹ bá mi sún táǹkì yẹn díẹ̀."

"Inú afẹ́fẹ́ ni táǹkì mi náà wà. Wá láńlọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ."

Ó fa òpó rẹ̀ gùn sí i. Ìjì òjò kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ.

Modinat, ìyàwó mi, ń bínú. "A ò ní kànga, ọwọ́ mẹ́ruwà la ti ń ra omi. Táǹkì òfìfo, torí ìkíni?"

"Torí ìkíni ni."

Ní báyìí, inú síìdì ni Gbádégẹṣin ń kó iṣẹ́ sí, ó ń fẹsẹ̀ gbé e láti ilé kan dé èkejì. Ẹnu ọ̀nà mi ló ń gbà.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá Fuad."

Mi ò tíì dá a lóhùn rí. Mo kàn máa ń gbójú sókè, kí n wò ó bóyá táǹkì mi ṣì wà níbẹ̀.